Bẹ́ẹ̀kì Ìlú Apẹja

Ẹ má bú bẹ́ẹ̀kì lójú mi. Ẹ lè bú atamátàsé tó gbá bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run, ẹ lè bú rẹfirí, ó ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó sínú pálọ̀ mi ní Thamesmead níbí, tí ẹ tẹjú mọ́ fóònù, tí ẹ wá ń pariwo pé bẹ́ẹ̀kì yìí kò wúlò, ara mi á gbóná. Mo ti rí ohun tí bẹ́ẹ̀kì kan ṣe rí, ẹnu sì ń yà mí di òní. Ẹ yí ohùn nǹkan yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú agolo yẹn, ẹ bù ú. Ọ̀rọ̀ Wálé ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ní Uncle Wálé tó máa ń wá lásìkò Àjíǹde, tó ga bí òpó iná, tí imú rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ẹ rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Rárá o. Imú náà gún régé nígbà tó kúrò nílé yìí. Bọ́ọ̀lù ló wọ́ ọ.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Lónìí, bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù ní ìpẹ̀kun ayé, ẹ ti rí i kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Nígbà tí Wálé bẹ̀rẹ̀, rédíò ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọkùnrin kan á máa ka bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe gbá a sí. Ti àwọn ńláńlá ló máa kọ́kọ́ kà, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé Scotland, níbẹ̀ náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹgbẹ́ Wálé wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ìyá Wálé á pa omi ẹ̀rọ, á sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kí epo má baà máa ta pàràpàrà, àwa méjèèjì á na etí. Bí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ dárúkọ ẹgbẹ́ kejì, ohùn rẹ̀ á gòkè tàbí kó wálẹ̀, débi pé kó tó sọ iye tí wọ́n gbá sáwọ̀n, o ti mọ̀ bóyá kí o yọ̀ tàbí kí o padà sídìí ọbẹ̀. Èmi tí èdè mi jẹ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé òyìnbó náà ń bá mi sọ Yorùbá. Ẹnikẹ́ni kì í kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Fóònù á kàn dún tín-ín, ó parí.

Orí Plumstead Common, pápá gbangba tó wà nítòsí ibí, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á bọ́ kóòtù, wọ́n á fi kóòtù náà ṣe òpó góòlù, àwa àgbà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìrẹsì nínú ike lọ́wọ́ oníkálukú. Kò sí kóòṣì, kò sí kámẹ́rà. Ẹni tó bá ni bọ́ọ̀lù ló máa ń dá ẹjọ́. Bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Wálé wọ̀, ní ọjà Beresford Square ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń polówó ọjà rẹ̀ bí ẹni ń wàásù. Bàtà náà tóbi jù ú lọ, a fi ìbọ̀sẹ̀ dí i níwájú. Nígbà tó fi máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó ti ya.

Gbogbo ọmọ ló máa ń fẹ́ sáré lọ síwájú kí òun lè gbá a wọlé. Wálé nìkan ni í dúró lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀kì ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Kí ló dé tí ìwọ kì í lọ síwájú?”

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi òun. “Daddy, gbogbo wọn ti lọ. Ta ló máa ṣọ́ ilé?”

Ọmọ tí kò tíì lè se tíì fúnra rẹ̀! Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Mo máa ń pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n ara Wálé ni mo ti kọ́kọ́ rí i lójúkojú. Bí àwọn yòókù bá ń wo bọ́ọ̀lù, ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí lòun ń wò.

Ẹgbẹ́ kan ní London yìí gbà á sáàárín àwọn ọmọdé wọn. Nígbà tó wá di géńdé, wọ́n pè é sínú ọ́fíìsì, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó. Ó wálé, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti fọkàn sí i pé ọmọ náà á kàwé nípa ìṣègùn.

Ọkùnrin ará Scotland kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí Woolwich Ferry nígbà náà, Donald lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté, ohùn rẹ̀ sì le ju fèrè ọkọ̀ náà lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, èmi àti ẹ̀ máa ń kíra ní ibùdókọ̀. Bí kò bá sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, orí Common ló máa ń wà, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo àwọn ọmọ.

“Awakọ̀,” bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè mí, “ọmọ yín tó gùn yẹn, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti ní kó máa lọ?”

“Wọ́n ní kò yá.”

“Kò yá?” Donald tutọ́ sílẹ̀. “Ẹni tó ti débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé, eré wo ni wọ́n tún fẹ́ kó sá?”

Àbúrò rẹ̀ ni kóòṣì ẹgbẹ́ kékeré kan nílé wọn, ìlú apẹja kan létí òkun, lókè lọ́hùn-ún ní Scotland. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ràn ariwo. Donald ní kí ọmọ náà lọ fara hàn wọ́n. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ délé, ìyàwó mi gbọ́wọ́ lérí.

“Ọmọ tí mo bí sí Woolwich, kí atẹ́gùn wá lọ pa á sétí òkun?”

Wálé tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe dáadáa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. “Mummy, jọ̀ọ́, jẹ́ n lọ. Ọdún kan péré.”

“Jẹ́ n lọ” ló wí o, kò sọ pé “ẹ jẹ́ n lọ.” Ẹ̀yin ọmọ tí a bí síbí, ẹ máa ń ju “ẹ” yẹn nù bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ rí i bó ṣe na gbalaja sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, ẹ̀rín pa á, ìbínú rẹ̀ sì tú. Ọdún kan tí Wálé tọrọ lọ́jọ́ náà ni mo ń ròyìn rẹ̀ fún yín yìí. Títí di òní, kò tíì parí.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn láti Victoria. Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, mo wá jókòó sẹ́yìn bí ẹrù. A lọ, a lọ, títí ojú ọ̀nà fi di òkè, tí òkè di àgùntàn, tí àgùntàn sì di omi. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn gbá mi létí. Òórùn ẹja, òórùn iyọ̀, òórùn èédú. Àwọn ilé wọn jẹ́ òkúta dúdú, wọ́n fún mọ́ra wọn bí àgùntàn tí òjò pa.

Pápá wọn rèé, ẹ gbọ́. Orí ìjókòó onípákó ni wọ́n ti ń wòran, àgékù ọkọ̀ ojú omi sì ni wọ́n fi ṣe pákó náà. Lẹ́yìn góòlù kan, òkun ni. Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri, ẹnì kan á gbé ọkọ̀ kékeré, á wà á lọ mú un wá. Èmi fojú ara mi rí i. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló ń gbé àwọ̀n góòlù jáde, tí wọ́n ń so ó. Aṣọ́lé wọn ló ń pín lẹ́tà kiri ìlú láàárọ̀, atamátàsé wọn ń kan òrùlé, Wálé ọmọ tèmi ń kun ilé. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti yàrá ìmúra, orí kankéré ni wọ́n máa ń gbà, ìdí bàtà wọn á sì máa dún gbà-gbà-gbà bí ẹṣin tó ń bọ̀ lójú títì. Ẹ̀yin, ìró yẹn! Bí mo bá ti gbọ́ ọ, irun ara mi á dìde. Wọ́n ti tẹ́ koríko oníke síbẹ̀ báyìí, bàtà wọn kì í dún mọ́.

Obìnrin àgbà kan wà tó ń jẹ́ Morag. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń fọ aṣọ gbogbo ẹgbẹ́ náà nínú ilé wọn. Bó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ máa rí aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí okùn lẹ́yìnkùlé wọn, òkun lẹ́yìn wọn, atẹ́gùn á sì máa gbé apá aṣọ sókè sódò bí ìgbà tí ìjọ bá ń jó ọpẹ́. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó bu ọbẹ̀ ẹja fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

“Ọmọ yín,” ó ní, “kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ló máa ń dọ̀tí jù. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, mo dé fìlà mi lọ wòran, kí wọ́n lè mọ̀ pé bàbá Wálé ti dé. Atẹ́gùn já a gbà lórí mi, ó gbé e lọ sáàárín pápá. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, fìlà ń bọ̀, Wálé wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó bẹ̀rẹ̀ mú fìlà, ó fi há ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀, ó ń bá eré lọ. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí mo tún padà lọ, ọkùnrin kan fún mi ní okùn ìpẹja láti fi so fìlà náà mọ́ àgbọ̀n.

Ẹ má rò pé oyin lásán ni. Òtútù ibẹ̀ máa ń wọ eegun. Ní ìlú mìíràn tí wọ́n lọ gbá a, ẹnì kan ké bí ọ̀bọ sí i, ó tún fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tún sọ kún un. Imú rẹ̀ kán, wọ́n rán ìpéǹpéjú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ wú, á ṣì dìde láàárọ̀ lọ kun ilé onílé. Ẹni tí kò lè jìyà tó kún agbè, kò lè jẹ oore tó kún ahá. Mo máa ń pè é, màá ní, “Wálé, ṣé kò tó báyìí?” Á ní, “Daddy, mo wà okay. A ní gémù ní Sátidé.” Ọdún á tún yí.

Kò sì di gbajúmọ̀ rí. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù yẹn. Ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn, bó bá ń kọjá, àwọn apẹja á gbé ọwọ́ sókè láti inú ọkọ̀. Irú ìyì yẹn, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ó wá di ọdún kan tí nǹkan kò dára fún wọn. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ti ń darúgbó, àwọn èwe ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, wọ́n sì gbẹ́yìn nínú líìgì. Láyé àtijọ́, bí o bá gbẹ́yìn, o gbẹ́yìn náà nìyẹn. Wàá fi ìtìjú mu tíì, ọdún tó ń bọ̀ wàá tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yí òfin padà. Ẹni tó bá gbẹ́yìn gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ kan láti ìta líìgì wọ̀jà, nílé àti lóko, ẹni tó bá sì pàdánù, ó jáde kúrò nínú líìgì pátápátá. Ẹgbẹ́ náà ti wà nínú líìgì kí bàbá Morag tó dáyé. Ìlú tí ilé iṣẹ́ ẹja ti kógbá sílé, tí ilé ìwé ti fẹ́ tì, bọ́ọ̀lù Sátidé yẹn ló kù tí ẹnikẹ́ni fi ń gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò.

Wọ́n gbá ọ̀mì lọ́hùn-ún. Ó wá ku ti ilé. Mo lọ. Ìyàwó mi kò rí àyè, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Woolwich níbí. Ọjọ́ yẹn, ìlú náà tú jáde, àtẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, àti ìkókó. Ọkọ Morag, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e wá tòun ti àga. Ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ẹ̀rù ti bà wọ́n kọjá orin.

Eré náà le. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò rí àwọ̀n. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, gbogbo wa ti mọ̀ pé ẹni tó bá gbá ẹyọ kan wọlé, òun ló gbé e lọ. Ni wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò. Atamátàsé wọn, ọmọkùnrin onírun pupa kan tó ń jẹ́ Craig, fò sókè, bẹ́ẹ̀kì kejì tiwa náà fò sókè, orí kọ orí. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí, kò! bí ẹni fi àgbọn lu ògiri. Bẹ́ẹ̀kì tiwa fọwọ́ di orí mú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Craig ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn, kò mira. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí wọn, ó ń yí lọ, rẹfirí ń wo bọ́ọ̀lù, gbogbo ayé ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ti já sí i. Wálé nìkan ló kù láàárín òun àti aṣọ́lé wa.

Ẹ̀yin ọmọ, mo rí ojú ọmọ mi. Ó wo bọ́ọ̀lù. Ó wo Craig. Ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù náà ń lọ, mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló kù kó dé ibẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí i. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà.

Ẹni yẹn gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Igbe tó sọ ní pápá yẹn, n kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó dúró níwájú mi, apẹja tó sanra kan tó ń jẹ́ Hamish, pariwo mọ́ Wálé pé, “Kí lò ń ṣe? Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Nígbà náà ni gbogbo wa wá rí i. Ojú Craig ti yí funfun, ètè rẹ̀ ti ń di búlúù. Wálé ti ti àgbọ̀n rẹ̀ síwájú kí èémí lè rọ́nà gbà, ó di orí rẹ̀ mú kí ọrùn má yẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Rẹfirí sáré dé, ó fọn fèrè, ó fọn, ó fọn, bí ẹni pé fèrè á jí ọmọ náà. Wálé kò gbójú sókè. Àwọn dókítà wá bá a níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yí Craig sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i tí àyà rẹ̀ gbéra, tó sì wálẹ̀, tó tún gbéra. Mo di irin tó wà níwájú mi mú.

Wọ́n parí eré náà. Òfin ni òfin. Wọn kò fọn fèrè kí bọ́ọ̀lù tó wọlé, góòlù náà dúró. Ẹgbẹ́ ọmọ mi jáde kúrò nínú líìgì. Àwọn tó borí, balógun wọn na ọwọ́ sí wọn pé kí ẹnikẹ́ni má jó. Wọ́n dúró sáàárín pápá, wọ́n gbé orí kọ́, wọ́n ń dúró de ìròyìn. Àwa náà ń dúró. Ìgbà tí ẹnì kan wá sọ pé Craig ti lajú, pé ó ti ń béèrè ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tó hó yèè. Ṣe ni wọ́n mí. Gbogbo ìlú náà mí sóde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ òkun.

Mo pe ìyàwó mi, mo rò fún un.

“Ó ti àgbọ̀n rẹ̀ síwájú?”

“Ó tì í.”

“Ó di orí mú? Kò jẹ́ kí ọrùn yí?”

“Kò jẹ́ kó yí.”

Òun ló ti tẹ́ gbogbo wa sórí kápẹ́ẹ̀tì nílé yìí, tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó dákú, tí à ń fi ṣe ẹ̀rín. “Ọmọ mi nìyẹn,” ló wí. Kò bi mí léèrè ẹni tó borí.

Craig yè. Wọn kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti bímọ báyìí. Ó kàn jẹ́ pé ìlú náà kò yè bọ̀rọ̀. Wọn kò gbọ́ orúkọ ara wọn lórí rédíò mọ́. Àwọn kan ṣí kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ méjì láti ìlú ńlá wá pe Wálé, ó ní òun kò lọ. Mo bi í pé kí ló ń dúró ṣe. Ó ní, “Daddy, èmi ni mo já wọn kulẹ̀. Mi ò lè tún sá lọ.” Ó di ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi iṣẹ́. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, ìgbà tí èrò bá tán ló ń lọ. Kò sí ẹni tó bú u, ẹ gbọ́ o. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun náà kì í ṣe ẹni tó ń béèrè. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ti pé láàárín ènìyàn, olúkúlùkù á máa fi ìbẹ̀rù ara rẹ̀ kún un.

Ọdún yẹn ń lọ sópin. Ọkọ Morag kú. Èmi àti ìyàwó mi kó ẹrù, a ní a kò ní jẹ́ kí Wálé nìkan ṣọdún tuntun. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, a jókòó nínú ilé rẹ̀, ìyàwó mi ń dín dòdò, ni a bá gbọ́ kó, kó, kó.

Morag ni. Ó fi ìborùn dúdú di orí, imú rẹ̀ pọ́n fún òtútù, ẹ̀rún èédú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi bébà wé. Kò wọlé.

“Wálé,” ó ní, “kò tíì sí ẹni tó wọ ilé mi láti ìgbà tí ọdún ti yí.”

Wálé lóye, àwa kò lóye. Obìnrin náà wá ṣàlàyé. Àṣà àtijọ́ wọn ni pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbé ẹsẹ̀ wọ ilé ẹni nínú ọdún tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa darí ọdún náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin gíga, tó dúdú, kó mú èédú dání kí iná ilé má kú. Irun ọkọ rẹ̀ dúdú nígbà èwe, òun ló ń ṣe é fún gbogbo òpópónà. Àwọn ọ̀dọ́ ò ka àṣà yẹn sí mọ́.

Ìyàwó mi gbé ṣíbí dòdò dání, ó la ẹnu sílẹ̀. “Ẹsẹ̀ ire!” ló wí fún mi. “Ẹsẹ̀ ire ni òyìnbó yìí ń sọ!” Ta ni ò mọ̀ ọ́n nílé wa? Ta ni ò mọ obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí kì í fẹ́ kí ẹni burúkú kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà òun láàárọ̀? A rò pé àwa nìkan la ni í. A wá bá a níbi tí òkun pin sí.

Ṣùgbọ́n Wálé kò dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀, láìwọ bàtà.

“Mama Morag, ẹsẹ̀ mi yìí? Ẹsẹ̀ tó lé yín kúrò nínú líìgì?”

“Ẹsẹ̀ yẹn gan-an,” ó ní. “Mo ti ń fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ta ló mọ̀ ọ́n tó mi?”

Wálé wọ bàtà. Ìyá rẹ̀ ló bá a so okùn rẹ̀, bí ìgbà tó wà ní kékeré. A tẹ̀ lé wọn. Ní ẹnu ọ̀nà Morag, Wálé gba èédú, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣáájú, ó wọlé, ó gbé èédú sínú iná. Morag wọlé tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó fi ìborùn bojú. Ìyàwó mi gbá a mọ́ra. Obìnrin méjì tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, wọ́n jọ sunkún, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a jáde, Hamish dúró níwájú ilé tirẹ̀ ní òdìkejì. Kò wọ kóòtù. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, èédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Wálé, ó wo ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ pọ́n.

“Ilé tèmi ńkọ́?” ló bi í.

Wálé mi orí pé òun ń bọ̀. Mo wá gbójú sókè, mo wo òpópónà náà láti orí òkè títí dé ibi tó ti bá òkun pàdé. Ilé lẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn ti ṣí, iná àárò ń tàn nínú ilé, àwọn onílé sì dúró síta nínú òtútù, ọkùnrin, obìnrin, àwọn ọmọ nínú aṣọ àwọ̀sùn, èédú lọ́wọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́ wọlé, kí ẹsẹ̀ ọmọ mi tó wọlé.